Kọrúṣúfù Ẹ̀yìn Ọ̀gẹ̀dẹ̀

"Ta ló wọ inú ọgbà mi?"

Yísà dúró sí ẹnu ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo márùn-ún wà lábíyá rẹ̀, eruku sìmẹ́ǹtì sì ti sọ jalabíà rẹ̀ di funfun láti èjìká dé orúnkún. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù nísàlẹ̀ àdúgbò Fate ló ti lọ tọrọ àwọn àpò náà lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Kò tíì ju wákàtí kan lọ tó jáde nílé. Láàárín wákàtí kan yẹn, ebè tó ti ń tọ́jú láti oṣù kẹsàn-án ti pá lórí. Níbi tí ewé gígùn aláwọ̀ eérú ti ga dé ìbàdí rẹ̀ lánàá, kùkùté mẹ́fà ló ṣẹ́kù. Wọ́n gé wọn dọ́gba bí ìgbà tí bíríkìlà bá fi okùn wọn nǹkan, omi sì ń sun lójú ọgbẹ́ wọn.

"Èmi ni!" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàríkísù, ló dáhùn láti ilé ìdáná. "Kí ló dé tí ò ń lọgun láàárọ̀ kùtù bí ẹni tí wọ́n jí àgbò rẹ̀ gbé?"

Ó yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ara rẹ̀ sì le ju ti àbúrò rẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ àná ló dé láti Pákátà, ó ní òun kò ní padà sílé títí ìyàwó Habibullah, ọmọ Yísà, yóò fi jẹun yó lójú òun.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ lẹ gé?"

"Ṣé ìdajì ni kí n gé? Ẹ̀fọ́ ń gbó mọ́ ọ lọ́wọ́, o kàn ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Má wulẹ̀ fajú ro sí mi, mi ò fà á tu, rírẹ́ ni mo rẹ́ ẹ. Tí a bá rẹ́ ẹ̀fọ́, ṣebí yóò tún yọ ni? Ìwọ náà lo sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀fọ́ ìlú ìyàwó lo gbìn. Mo ní kí n sè é fún un, kó fi jẹ tùwó."

Yísà tún wo àwọn kùkùté náà. Òótọ́ ni, òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò sọ ni bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, nítorí kò sí lọ́kàn rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni yóò fọwọ́ kàn án.

"Ọ̀pá ewé náà ńkọ́?" ó béèrè. "Àwọn ọ̀pá tó nípọn tí ewé so mọ́?"

"Ìyẹn? Mo bó ewé kúrò lára rẹ̀, mo kó o fún àgbò. Ó ń gbádùn ẹ̀ gan-an."

Yísà rọra jókòó sí ẹnu kànga, àwọn àpò sìmẹ́ǹtì sì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá yẹn gan-an ni ẹ̀fọ́ náà. Ewé tó wà nínú ìkòkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́.

Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí Habibullah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti mú Rodiyah wá láti ìlú Fẹ́ẹ̀sì ní ilẹ̀ Mòrókò, níbi tó ti lọ kọ́ ìmọ̀ Lárúbáwá. Ìyá Habibullah ti kú tipẹ́, inú Yísà sì dùn pé ohùn obìnrin tún ń dún nínú ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn aládùúgbò, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ po búrẹ́dì. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà ń dínkù bí omi ẹ̀rọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí wọ́n wá ránṣẹ́ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin yóò ṣe ìgbéyàwó nínú oṣù kìíní yìí, ó tọrọ ààyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kí òun lọ, kí òun sì padà kí ààwẹ̀ tó wọlé. Habibullah ní àsìkò kò tíì tó. Ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ kí àwọn òbí rẹ̀ lókè òkun bẹ́ẹ̀, fóònù rẹ̀ kò dún mọ́ títí dòní. Ó mú ìwé ìrìnnà Rodiyah, ó fi sínú báàgì tó ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà. Láti ọjọ́ náà, yàrá ni Rodiyah ń gbé. Á jáde kírun, á jáde kí Bàbá, á padà wọlé.

Kọrúṣúfù ni orúkọ ẹ̀fọ́ náà ní ẹnu àwọn ará Fẹ́ẹ̀sì. Inú oṣù keje ni Rodiyah tú àpótí rẹ̀, ó rí aṣọ ìnujú tí ìyá rẹ̀ ti di irúgbìn rẹ̀ sí láìsọ fún un. Ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ojú rẹ̀ sì tàn fún ìgbà díẹ̀. Yísà ní kó kó o fún òun. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí ẹ̀fọ́ ìlú rẹ̀ bá ń hù lẹ́yìnkùlé kò ní máa wo ojú ọ̀nà mọ́.

Irúgbìn náà tó kóró bàrà, ó ń dán, ó sì le. Ní oṣù kẹjọ tí òjò ṣì pọ̀, ó gbin mẹ́wàá, gbogbo wọn jẹrà. Kò bínú. Ó hú wọn, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé omi àpọ̀jù ló pa wọ́n. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó rẹ ìyókù sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ di ọjọ́ kejì, ó ki ẹnu ṣóṣóró wọn sísàlẹ̀ nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sí, ó tò wọ́n sí ibi tí oòrùn òwúrọ̀ nìkan ti ń kàn wọ́n. Lọ́jọ́ kẹtàlá, méje hù.

Nígbà tó ṣí wọn lọ sórí ebè, òjò ti ń palẹ̀mọ́. Ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tún pọ́ǹpù ṣe ní iléeṣẹ́ omi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe bí omi ṣe pọ̀ tó, ọ̀nà tó ń gbà dé ibi tó ń lọ ni. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, ó ra ìkòkò kékeré mẹ́rin tí wọn kò kùn lára, ó rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ dé ọrùn láàárín ebè, ó sì ń bu omi sínú wọn ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Omi a máa yọ lára amọ̀ díẹ̀díẹ̀, gbòǹgbò a sì máa wá a lọ. Ọyẹ́ dé, ilẹ̀ gbogbo àdúgbò sán, ebè Yísà kò sán. Nígbà mìíràn á kàn kúnlẹ̀, á ki ìka bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, á fọwọ́ kan ọ̀rinrin náà, á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ àṣírí fún.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, òun ló sì tìtorí rẹ̀ wá àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti dìde ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ.

"Ìyàwó!" Bàríkísù ń ké láti ilé ìdáná. "Ìyàwó wa, arẹwà! Bọ́ síta wá jẹun, ọmọ mi. Mo ti se ẹ̀fọ́ ilé yín!"

Rodiyah jáde nítorí ọ̀wọ̀. Ó ti rù, hìjáábù rẹ̀ tóbi jù fún ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó jókòó sórí ẹní. Bàríkísù gbé tùwó síwájú rẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ tì í, ọbẹ̀ tó kún fún irú àti ẹja gbígbẹ, tí òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo àgbàlá. Rodiyah wo ọbẹ̀ náà. Ó wo Yísà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ó mú òkèlè kan, ó fi kó ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu.

Ẹnu rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà, ó gbé e mì.

"Ó dùn, àbí?" Bàríkísù béèrè.

"Ìyá, ẹ ṣeun." Omi ti lé ròrò sí ojú rẹ̀. Síbẹ̀ ó tún mú òkèlè kejì.

Yísà kò lè wò ó mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọ́ ọ wò ná."

"Ta ni yóò tọ́ ọ wò? Mo ti ń se ẹ̀fọ́ yánrin kí wọ́n tó bí ọ, ìyẹn náà korò. Iyọ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo fún un." Ó bu ọbẹ̀ ní ṣíbí, ó rọ ọ́ sẹ́nu pẹ̀lú ìgboyà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sáré lọ sí ìdí kànga, ó tu ú dànù, ó bomi yọ́nu, ó tún tu ú dànù. "Sùbúhánálàáhì! Yísà! Ewúro gan-an, ọmọ ọ̀dọ̀ èyí ni! Ṣé o fẹ́ lé ìyàwó kúrò láyé ni? Oògùn ibà lo gbìn, o ní ẹ̀fọ́ ni!"

Ohùn kan dún lórí ẹní. Àwọn méjèèjì yíjú padà. Rodiyah ló ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde, èjìká rẹ̀ ń mì, omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹni tó ń wò ó kò lè mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹkún àti ẹ̀rín.

"Ìyá, ẹ má bínú. A kì í jẹ ewé rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ni à ń jẹ. Ọ̀pá rẹ̀ dà?"

Bàríkísù yí ojú sí ibùso àgbò iléyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Yísà náà yí ojú síbẹ̀. Rodiyah wo ibi tí wọ́n ń wò, ó dìde, ó sáré.

Àgbò náà kò fẹ́ gbọ́. Rodiyah di ọ̀pá kan mú, àgbò di ìdí kejì mú, wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. "Di ìwo rẹ̀ mú!" ni Bàríkísù ń pariwo. "Ìwo rẹ̀ ni, Ìyàwó! Má jẹ́ kó tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀! Olè, fi í sílẹ̀!" Yísà fo ọgbà ibùso náà pẹ̀lú ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin tó jẹ́, ó fi àpò sìmẹ́ǹtì bo àgbò lójú. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n gba ọ̀pá mọ́kànlá sílẹ̀, méjì nínú wọn ní àpá eyín lára.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, Rodiyah wọ ilé ìdáná. Bàríkísù jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó bí olùkọ́ tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi ọ̀bẹ fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan yọ láti òkè délẹ̀, ó gé wọn kéékèèké, ó jù wọ́n sínú omi tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí.

"Kí ni ọsàn ń ṣe níbẹ̀?" Bàríkísù béèrè.

"Kí ó má bàa dúdú, Ìyá. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á di dúdú."

"Hẹn. Bíi iṣu ewùrà."

"Bíi iṣu ewùrà," ni Rodiyah wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá a lójú pé òun mọ iṣu ewùrà.

Ó bọ̀ wọ́n, ó da omi àkọ́kọ́ nù, ó sè wọ́n mọ́ ẹran, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti òróró. Nígbà tí ọbẹ̀ náà jinná, ó bu díẹ̀ fún ìyá àgbà kó tó tọ́ tirẹ̀ wò. Bàríkísù jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó tún mú òmíràn. "Èyí ṣeé jẹ," ó wí. "Kò dùn tó ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé jẹ."

Rodiyah mi orí. "Kò tíì dára. Ó ṣì korò díẹ̀. Nǹkan kan ló kù tí kò sí nínú rẹ̀."

"Kí ni? Mágì?"

"Òkùnkùn."

Bàríkísù wo àbúrò rẹ̀ bóyá ó gbọ́ ohun tí òun gbọ́. Ṣùgbọ́n Yísà ti jáde. Ó wọlé padà pẹ̀lú àwọn àpò sìmẹ́ǹtì, ó gbọn eruku wọn, ó tò wọ́n síwájú ọmọbìnrin náà.

"Ìyá rẹ ló ṣàlàyé fún ọkọ rẹ lórí fóònù," ó wí. "Ó ní bí ó bá ti dàgbà, kí a so ewé rẹ̀ pọ̀, kí a fi bébà dì í, kí a wa ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí, kí oòrùn má rí ọ̀pá rẹ̀. Ó ní á funfun, kíkorò rẹ̀ á lọ. Òní ni mo fẹ́ dì í."

Rodiyah wo àwọn àpò náà. Ó wo jalabíà Bàbá, ó wo eruku funfun tó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Àwọn wọ̀nyí lẹ lọ wá láàárọ̀?"

"Àwọn ni."

"Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀, Bàbá."

"Mẹ́fà ni wọ́n gé," Yísà wí. "Méje ni mo gbìn."

Lẹ́yìn agbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà ní igun ògiri ni keje wà. Nígbà tí Yísà ń ṣí àwọn yòókù lọ sórí ebè, ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ síbẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìbòòji yóò bá a lára mu. Kò sí ìdí mìíràn, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bàríkísù kò rí i nítorí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bò ó. Ó ti ga ju àwọn tó wà lórí ebè lọ, ewé rẹ̀ tẹ̀ kalẹ̀ yíká bí omi tó ń bẹ́ láti ẹnu páìpù, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀.

Rodiyah lóṣòó tì í. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa ewé rẹ̀ lára, ó sọ nǹkan kan ní èdè ìyá rẹ̀, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

"Ìyá ìyá mi ń gbìn ín ní abúlé," ó wí nígbà tó yá. "Èmi, ọjà ni mo ti mọ̀ ọ́. Wọ́n á ti bó o, wọ́n á ti dì í ní ìdìpọ̀." Ó yíjú sí àwọn kùkùté lórí ebè. "Wọn kò kú, Bàbá. Gbòǹgbò wọn gùn gan-an. Ìyá ìyá mi máa ń gé e, ó tún ń hù. Ó lágídí."

"Kí ni mo sọ?" Bàríkísù wí lẹ́yìn wọn. "Ṣé mi ò sọ pé yóò yọ padà? Wọ́n á ní àgbà ò mọ nǹkan kan."

"Tí a bá dì í, ọjọ́ mélòó ni?" Yísà béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

Rodiyah tẹjú mọ́ ewé náà. Ó ń fi ìka yí ewé kan ká. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Tó bá ju mẹ́rin lọ, á jẹrà nínú bébà." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wọlé lọ kírun.

Yísà dúró níbẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọbìnrin yẹn tọrọ. Ó ti fi gbogbo oṣù wọ̀nyí gbin nǹkan kan kí ẹnìkan má bàa rántí ilé. Ní àárọ̀ kan péré, ẹnì kan náà ti rántí ilé, ó rántí ìyá ìyá rẹ̀, ó sì ti rẹ́rìn-ín, ó ti dáná, ó ti bá àgbò jà. Yísà yí okùn náà ká ọwọ́ rẹ̀, kò so nǹkan kan.

Habibullah dé lẹ́yìn ìrun alásàrí. Ó jẹun láti inú ìkòkò tí ìyàwó rẹ̀ sè, ó bi í ní Lárúbáwá bóyá ó ṣì kù, ìyẹn sì fi ẹ̀rín dáhùn pé ó kù. Inú rẹ̀ dùn, ó tọ bàbá rẹ̀ lọ sídìí kànga.

"Bàbá, ó ti ṣiṣẹ́! Ohun tí ẹ gbìn ti ṣiṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀."

"Lọ bá a ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀," Yísà wí.

Ẹ̀rín dúró lójú Habibullah. "Tíkẹ́ẹ̀tì wo? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ yìí kó má bàa lọ?"

"Èmi ni. Àṣìṣe ni mo ṣe."

"Bàbá..."

"Jókòó." Habibullah jókòó sí ẹnu kànga. "Ọdún kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́, wọ́n ní kí n dá omi dúró, ọ̀gá mi sì ti lọ kírun. Mo kọjú sí fáàfù tí omi ń gbà kọjá, mo tì í pa. Mi ò pa pọ́ǹpù. Mo rò pé omi ti dúró, inú mi ń dùn. Omi kò dúró, Habibullah. Ó ń wá ibòmíì. Páìpù tó nípọn tó itan mi ló là sí méjì."

"Èèyàn kì í ṣe páìpù, Bàbá."

"Òótọ́ ni. Páìpù kì í sunkún."

Habibullah tẹjú mọ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. "Tí kò bá padà ńkọ́?"

"Ẹni tí kò jáde nínú yàrá yẹn láti ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé o rò pé ó wà níbí ni?" Yísà gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Mi ò lè sọ pé yóò padà. Ọlọ́hun ló mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ ṣeé gbà wọlé. Èyí tí a tì, kò sẹ́ni tó ń ti ìta gbà á."

Àgbò ké nínú ibùso rẹ̀. Láti ilé ìdáná, ohùn Bàríkísù ń bọ̀, ó ń kọ́ Rodiyah bí a ṣe ń pe ewùrà, ìyẹn sì ń pè é bí ẹni tí òkúta wà lẹ́nu rẹ̀. Habibullah fetí sí wọn títí. Lẹ́yìn náà, ó fa báàgì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó ṣí ṣíìpù inú, ó yọ ìwé ìrìnnà náà. Kò gbé e fún bàbá rẹ̀. Ó gbé e wọ ilé ìdáná fúnra rẹ̀. Bàríkísù dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀, ó sì jáde wá bá Yísà. "Kí ni wọ́n ń sọ nínú Lárúbáwá yẹn?" ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Yísà ní òun kò gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ tí yóò gbé Rodiyah àti ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú ní Èkó yóò gbéra. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí Habibullah tó gbé àpótí síta, Rodiyah wá sí ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Aṣọ ìrìn-àjò ti wà lọ́rùn rẹ̀. Yísà gbá ewé náà mọ́ra láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí ẹ̀gún rẹ̀ má bàa gún un, ó gbé e dúró ṣánṣán, Rodiyah sì fi bébà wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí ó fi ku ṣóńṣó orí ewé nìkan síta, bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ó wa ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ó gba okùn.

Yísà mọ okùn. Kò sí irú kókó tí kò tíì fi gbé pọ́ǹpù sókè láti inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka ọmọbìnrin náà yí okùn náà gba abẹ́, ó yí i gba òkè, ó fi ọ̀nà kan tí Yísà kò rí rí fà á gba inú ara rẹ̀, kókó náà sì jókòó pẹlẹbẹ láìní ìdí láìní orí.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Ìyá ìyá mi. Mo rò pé mo ti gbàgbé." Ó fọwọ́ tẹ kókó náà wò. "Bàbá, ẹ má tú u o. Èmi ni màá tú u."

"Èmi kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tú u."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Rodiyah wí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀ kí ó gba àdúà ìrìn-àjò.

Ọyẹ́ mú gan-an ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Yísà ń bu omi sínú ìkòkò ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó rí ohun aláwọ̀ eérú kan tó tó ìka ọwọ́ tó yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté kìíní. Lọ́jọ́ kọkànlá, márùn-ún nínú mẹ́fà ló ti yọ, ọ̀kan nínú wọn yọ ẹ̀ka méjì. Ó tẹ Bàríkísù láago láti sọ fún un, ìyẹn kò sì jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀: "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Rírẹ́ ni mo rẹ́ ẹ!"

Lọ́jọ́ kejìlá, Habibullah gbé fóònù wá sí ọgbà kí bàbá rẹ̀ gbọ́ ohùn tí Rodiyah gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Ìlù àti ariwo obìnrin ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni ohùn Rodiyah sún mọ́ tòsí. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ kò tíì tú u? Màámà ní òun máa fún mi ní irúgbìn mìíràn, wọ́n ní irú èyí kò ní ẹ̀gún. Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe ewùrà."

Ó pè é. Kò pè é dáadáa. Habibullah gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, kó tó wọlé lọ.

Ìgbà tó ku Yísà nìkan, ó lọ sí ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó wù ú kó ṣí etí bébà náà díẹ̀, kó wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kúrò lára ọ̀pá, bóyá ó ti ń funfun láti ìsàlẹ̀ wá sókè tàbí láti òkè lọ sísàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ó lóṣòó síwájú kókó náà, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú tọ okùn náà lọ: abẹ́, òkè, gba inú. Okùn náà sọnù mọ́ ọn lójú. Ó tún bẹ̀rẹ̀.